Níbo gan-an ni etí ọ̀sà wà ní Marina láyé àtijọ́?

Ojú_Ọ̀nà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nínú máàpù Èkó tí W. T. G. Lawson yà lọ́dún 1885, Marina ló wà létí omi. Lónìí, Marina ti di méjì, títì ńlá sì dábùú láàárín àwọn ilé àti ọ̀sà. Nígbà tí mo gbé máàpù náà lé àwòrán sátẹ́láìtì nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ máàpù, ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church bọ́ sórí Outer Marina, títì ìta yẹn. Níbo ni àṣìṣe wà? Kí ló sì wà lójú ọ̀nà yẹn kí àwọn báńkì tó gba ibẹ̀?

Ayamáàpù: Ó jọ pé ẹ fi etí omi ṣe àmì ìdè, ìyẹn ibi tí ẹ fi so máàpù àtijọ́ mọ́ àwòrán òní. Etí omi ti ṣípò! Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kó yanrìn dí ọ̀sà níwájú Marina kí títì ìta lè rí ibi gbà. Tí ẹ bá so etí omi 1885 mọ́ ti òní, gbogbo máàpù yóò wọ́ tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀ṣì náà yóò sì bá a lọ.

Ẹ yọ gbogbo àmì tó wà létí omi kúrò. Ẹ mú igun tí Odunlami ti pàdé Broad Street, ẹ mú Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, lápá kejì erékùṣù, kí ẹ wá fi oríta mẹ́rin mìíràn kún un. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Marina gùn, kò fẹ̀. Bí gbogbo àmì bá wà lójú rẹ̀, máàpù yóò yí bíi ilẹ̀kùn lórí ìdè. Ẹ ṣọ́ra fún Tinubu Square, wọ́n ti tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nínú àwọn ọ̀nà tí QGIS fi ń tẹ́ máàpù sáyè, Polynomial 1 ni kí ẹ lò. Thin Plate Spline máa ń fi tipátipá mú gbogbo àmì bára mu, àṣìṣe á máa ka òdo, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ń purọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kì í ṣe àmì ìdè: ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1867, ṣùgbọ́n 1925 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ èyí tó dúró báyìí lélẹ̀, ó sì parí ní 1946. Ojú ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ bá ṣe tán.

Ọmọ_Ẹ̀yìn_Ìgbẹ̀tì: Kí ó tó di Marina, Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì là ń pè é. Ìgbà Glover, tó ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1860, ni wọ́n là á tó gbòòrò. Àwọn oníṣòwò ló gba ojú rẹ̀: ọjà nísàlẹ̀, ọ̀gá lókè, ilẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn sì gùn dé Broad Street lẹ́yìn. Èbúté tiwọn wà ní òdìkejì ọ̀nà, ibẹ̀ ni àgbá epo pupa ti ń wọ ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ òwò O'Swald láti Hamburg kó owó ẹyọ wá láti Zanzibar; Gaiser wá lẹ́yìn wọn. William McCoskry, tó ṣe adelé gómìnà ní 1861, ní irùngbọ̀n pupa. Òun ni Èkó ń pè ní Apọ́ngbọ̀n, orúkọ náà ò sì kúrò níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ òkun ńlá ń gúnlẹ̀ sí Marina nígbà yẹn o. Yanrìn ẹnu ọ̀sà kò jẹ́. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé ẹrù lọ sí Forcados, kí ọkọ̀ ńlá tó gbà á níbẹ̀. Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà, ọkọ̀ òkun sì ń wọlé láti 1914. Nígbà tí wáàfù Àpápá ṣí ní 1926, iṣẹ́ ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í fi Marina sílẹ̀. Ilẹ̀ Àpápá yẹn náà ló fa ẹjọ́ Olóyè Oluwa, tí ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù dá ní 1921.

Akọ̀wé_Ilẹ̀: Fún ẹni tó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà ilé, nọ́ńbà a máa yí padà. Orúkọ onílẹ̀ àti ààlà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìwé tí Ọba Dòsùnmú fi fúnni nílẹ̀ ṣáájú 1861 wà, Crown Grant, ìwé ilẹ̀ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wọn ilẹ̀: ẹ sọ ọ́ di 0.3048 mítà fún ẹsẹ̀ kan kó tó wọ QGIS, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ á di ọgọ́rùn-ún mítà.

Ojú_Ọ̀nà: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yọ àmì etí omi, ṣọ́ọ̀ṣì ti padà sáyè rẹ̀. Àmì kan ṣì fi mítà 20 yàtọ̀, ti Tinubu.

Ayamáàpù: Ẹ yọ òun náà.