Ọjọ́ tí mo mú ìyá mi lọ wo òkun ní Quoddy Head

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ti ń ka ìtàn ìrìn àjò tí gbogbo yín ń kọ síbí láti ìjẹta, ó sì wù mí kí èmi náà sọ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ló ni ìtàn yìí jù mí lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ ni wá, ará Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ẹnu òkun gan-an ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí ní 1947. Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ wa. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé, pákó náà ni wọ́n tò sórí ẹrẹ̀ láti máa fi rìn láti ilé dé ilé. Òkun sì ti ń jẹ ìlú náà, ó pẹ́. Ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí, tí èmi náà ti rákò, omi ló wà lórí rẹ̀ lónìí. Ìjọba ṣèlérí fún wa pé àwọn máa mọ odi tí yóò dá omi dúró. Ọdún ń gorí ọdún, a ò rí i.

Nígbà tí màmá wá kí wa ní ìtòsí Boston, tí mo ní ká lọ gbafẹ́ létí òkun, ṣe ni wọ́n tẹjú mọ́ mi.

“Òkun kẹ̀, Bùnmi? Ṣé èyí tí ojú mi ti rí nílé ò tó ni?”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé Quoddy Head, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Maine, ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti pin ní ìhà ìlà oòrùn, àti pé nínú gbogbo ìpínlẹ̀ 50, kò síbi tó sún mọ́ Áfíríkà tó o. Láti ìdí ilé iná tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà níbẹ̀ dé etíkun Mòrókò, nǹkan bíi 3,150 máìlì ni. Màmá dákẹ́ díẹ̀. “Ìyẹn ni pé tí mo bá dúró síbẹ̀, ọ̀kánkán ilé ni mo kọjú sí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi wọkọ̀.

Ó lé ní wákàtí márùn-ún tí a fi wakọ̀. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni. Ìrọ̀lẹ́ la dé Lubec, ìlú kékeré tí ọgbà náà wà, a sì kọ́kọ́ lọ wo ilé tí wọ́n ti ń fi èéfín yan ẹja láyé àtijọ́. McCurdy ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìyẹn ni ìkẹyìn irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 1991 ni wọ́n tì í pa, ó ti di ibi tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Ẹja tí wọ́n ń yan níbẹ̀, ṣawa ni! Wọ́n á gún un mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ lórí ọ̀pá kan, wọ́n á gbé ọ̀pá náà kọ́ sókè àjà, wọ́n á máa fún un léèéfín láti ìsàlẹ̀. Ẹja yíyan ni màmá tà tí wọ́n fi tọ́ wa. Wọ́n wo àjà yẹn títí. “Wọn ò jẹ́ kí iná jó o. Èéfín nìkan. Ẹja tó máa pẹ́ nílé nìyẹn.” Àfi bíi pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n dé. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ní oṣù kìíní 2018 ìjì òkun já ilé kan nínú àwọn ilé náà gbà, tó gbé e léfòó lọ sí erékùṣù Campobello lọ́hùn-ún ní Kánádà, wọ́n kàn mi orí ni.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aago fóònù yín níbẹ̀. Òpó Kánádà ló sábà máa ń gbá fóònù mú, aago tiwọn sì fi wákàtí kan ṣáájú ti Maine. Bí a ṣe jí ní kùtù hàì nìyẹn, tí a dé ẹnu ọgbà ní “aago mẹ́sàn-án”, tí pátákó sì sọ pé mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣí, àṣé mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. A jókòó sínú ọkọ̀. Kùrukùru bo ibi gbogbo, a ò rí nǹkan kan, ìró omi nìkan là ń gbọ́. Màmá pa ojú dé. Wọ́n ní, “Èyí ò dún bíi tiwa. Tiwa máa ń dún bí ẹni ń jẹun. Èyí ń kọlu nǹkan, nǹkan náà ò sì gbà fún un.”

Nígbà tí kùrukùru ká, a rí ohun náà. Àpáta ni, dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ga, ó rí gánnagànna, ìgbì ń bì lù ú, ó ń fọ́ sí funfun, ó ń padà. Ilé iná dúró lórí rẹ̀, ìlà pupa, ìlà funfun, bí aṣọ òkè tí wọ́n hun fún àríyá. Ní 1808, láyé Ààrẹ Jefferson, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé iná síbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, 1858 ni wọ́n kọ́ ọ, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 49. Ní 1820 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo fún àwọn ọkọ̀ ojú omi nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀. Orúkọ Quoddy fúnra rẹ̀, ara orúkọ àwọn Passamaquoddy ni wọ́n ti yọ ọ́, àwọn onílẹ̀, apẹja bíi tiwa, tí wọ́n ṣì wà ní agbègbè náà títí dòní.

Omi ti fà lọ nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ sí etí rẹ̀. Níbẹ̀, láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, omi lè ga sókè ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, ó tó ilé alájà méjì. Koríko òkun bo àwọn òkúta ìsàlẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá, ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú ṣinṣin o. Màmá ò lọ jìnnà. Wọ́n yan òkúta kan lókè, èyí tó ní funfun ní èjìká, wọ́n ní, “Èyí ni àmì mi. Mo fẹ́ mọ ibi tó máa dé.”

A wá rìn. Ipa ọ̀nà etíkun gba inú igbó, ó ń yọ síbi àpáta lóòrèkóòrè. Ní Gulliver's Hole, àpáta là sí méjì, omi ń ya wọnú rẹ̀, ó ń dún gbìì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àbùùbùtán tí wọ́n ní èèyàn lè rí láti òkè ibẹ̀, a ò rí i. Idì kan kọjá. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni irà. Wọ́n to pákó sórí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa ba koríko ibẹ̀ jẹ́. Ewé kan wà níbẹ̀ tó rí bí ife, omi òjò á dúró sínú rẹ̀, kòkòrò á já sí i, ewé á sì jẹ ẹ́. Ọmọ mi jókòó tì í. Màmá ò wo ewé. Pákó ni wọ́n ń wò. Wọ́n bọ́ bàtà, nínú òtútù yẹn, wọ́n rìn lórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìrìn ọmọ Ayétòrò, wọn ò wo ilẹ̀ rárá.

Nígbà tí a padà sí ìdí ilé iná, aago mẹ́ta ti kọjá. Omi ti bo òkúta alámì. Màmá nawọ́ sí Sail Rock, àpáta tó dá dúró sójú omi lọ́hùn-ún. “Bí ó bá jẹ́ Ayétòrò ni, ìhà ibẹ̀ yẹn ni ilé bàbá mi máa wà. Láti ibẹ̀ la ti ń sá bọ̀.” Wọn ò tíì fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n hàn mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mà, ọ̀nà jìn.” Wọ́n ní rárá, kí n fún àwọn ní àga. Mo gbé àga wá, mo fi aṣọ òtútù bò wọ́n lẹ́sẹ̀, ọmọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Omi kún, ó dúró. Ó tó bí aago márùn-ún kí èjìká funfun yẹn tó yọ, ó ń ṣàn sílẹ̀ lára.

Màmá dìde. “Ó padà,” wọ́n ní. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní ká máa lọ.