Ẹ́ńjìnnì kú ni, kò já bọ́

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀dá lánàá, "ìjábọ́-ẹ̀rọ", fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú bá daṣẹ́ sílẹ̀ lókè. Ó dùn mí. Kí ló já, ibo ló bọ́ sí? Èso ní í já bọ́ lára igi. Ẹ sọ "ìjábọ́" létí èrò ọkọ̀, ohun tó máa gbọ́ ni pé ilẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì lè fi ẹyọ kan fò títí tó fi máa rí ibi balẹ̀ sí.

Òkè-Àdó n'Ìbàdàn níbí ni bàbá mi ti tún mọ́tò ṣe títí wọ́n fi darúgbó. "Ó kú" lẹ́nu wọn: iṣẹ́ ló dúró, ó ṣì lè jí. "Ó ti nọ́ọ̀kì": ìyẹn ti parí. "Mo pa á": ọwọ́ ẹni ló ṣe é. Wọ́n á rọra fi ọwọ́ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú di ọmọ iṣẹ́ lọ́rùn ọwọ́ mú: "Ṣé ó kú ni àbí o pa á?" Ọmọ tó bá ṣi í pè kò ní fọwọ́ kan sípánà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kú àti pa yìí ni gbogbo ìjà páílọ́ọ̀tì. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1982, eérú òkè oníná Galunggung ní Indonéṣíà mú kí ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Boeing 747 kan kú. Àwọn páílọ́ọ̀tì ń ṣáná sí wọn léraléra bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ẹ́ńjìnnì náà jí, kò sí èrò tó ṣòfò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1989, nítòsí Kegworth ní Ìlú Ọba, ewé abẹ̀bẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì òsì ló kán. Ti ọ̀tún tó sàn ni wọ́n pa. Ènìyàn 47 lọ sí i. Lónìí, páílọ́ọ̀tì kan á fọwọ́ lé irin tí wọ́n fi ń darí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ pa, á dárúkọ rẹ̀, èkejì á wò ó, á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tó gé epo rẹ̀. Ibo ni "já bọ́" fẹ́ gbà wọ ibẹ̀?

"Ikú ẹ́ńjìnnì" fún èyí tó kú fúnra rẹ̀. "Pípa ẹ́ńjìnnì" fún èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa. Àǹtí wa tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí ní ikú á dẹ́rù ba èrò. Iná ń kú, fóònù ń kú, a kì í tìtorí rẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Àti pé "ikú" ni, Àǹtí, kì í ṣe "ìkú" tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mẹta. "I" yẹn kò gbàmì.

Ẹni tó sì ní ará Ìbàdàn tó ń pe "ṣáná" ní "sáná" kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí, kí ló kan "s" nínú èyí? Àwọn tó kọ́ mi lédè ò pe "ṣ" rí láyé wọn, òwe wọn ò sì tàsé. A ó padà sórí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí "já bọ́" ná.