Ọta mi dákẹ́ nígbà ooru, ó ń ké nínú òtútù: ṣé sàlẹ́ńsà ló bàjẹ́ ni?

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Texas ni mo wà, lẹ́bàá Waco. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń hú àgbàdo lóko ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́, òun ló sì ní kí n máa bá òun ṣọ́ wọn lóru. Ìbọn .300 Blackout ni mò ń lò, mo fi sàlẹ́ńsà, ohun tó ń dín ariwo ìbọn kù, sí i lẹ́nu. Láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń fọwọ́ ara mi di ọta tí eré rẹ̀ kò tó ti ìró, olórí ọta tó wúwo tó 220 grain (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọta). Inú ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀tù náà ni mo ti mú ìwọ̀n tí mò ń lò, mi ò fi kún un.

Lóṣù keje, tí mo bá yìn ín, gbì tí ọta ń ṣe lára òkìtì erùpẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta fi hàn mí pé ìpíndọ́gba wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,075 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó yára jù jẹ́ 1,098. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ilẹ̀ tó mọ́, tí yìnyín funfun ti bo koríko, mo yin márùn-ún nínú páálí kan náà. Mẹ́ta dákẹ́. Méjì ké pàà! Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ igbó kí n tó gbójú sókè.

Ṣé sàlẹ́ńsà ló bàjẹ́ ni? Mò ń rò ó pé kí n máa bu ẹ̀tù kù díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo wọn á fi dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àdùkẹ́ Atlanta:
Sàlẹ́ńsà rẹ kò ṣe nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ló yí padà.

Ìwọ rántí kòbókò àwọn darandaran. Tí wọ́n bá jù ú tó ké tàì, kì í ṣe pé ó ba nǹkan. Ṣóńṣó rẹ̀ ló sáré ju ìró lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló sì ké. Ohun tí ọta ń ṣe náà nìyẹn, gbogbo ojú ọ̀nà tó bá gbà ló sì ti ń ké. Sàlẹ́ńsà kò lè ràn án lọ́wọ́, torí ẹnu ìbọn nìkan ló ń bá wí. Ọta ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tutù ni eré ìró ń dín kù. Ní Fahrenheit 95, bí ooru oṣù keje yín, ìró ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 1,155 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 28, láàárọ̀ yìnyín, kò ju nǹkan bí 1,082 lọ. Nígbà ooru, àti 1,075 rẹ àti 1,098 rẹ ló wà lábẹ́. Nínú òtútù, èyí tó bá ń sáré bíi 1,098 ti kọjá. Lóòótọ́, òtútù máa ń dín agbára ẹ̀tù náà kù díẹ̀, àmọ́ ó hàn pé kò dín in tó.

(Ẹni tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí sàlẹ́ńsà ìbọn ní 1909, Hiram Percy Maxim, ọmọ Hiram Maxim ni, ẹni tó ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn ní 1892. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà kí n má rántí rẹ̀.)

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò, má bu ẹ̀tù kù kọjá ibi tí ìwé dúró sí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.

Ọdẹ ni bàbá mi ní Ṣakí, ìbọn ṣakabùlà ló ń yìn. Tó bá ń kì í, á da ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, á wò ó, á dà á sínú, á fi ọ̀pá gún un, á wá fi ìka wọn bí ọ̀pá náà ṣe yọ síta tó. Kò sígbà tí kò mọ ohun tó wà nínú ìbọn rẹ̀. Idẹ tiwa yìí, ìyẹn kóróbójó tí à ń da ẹ̀tù sí, tí o bá ti fi olórí ọta dé e, ó parí, o kò rí inú rẹ̀ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan mò ń di ọta ní gáréèjì, ìyàwó mi ní àwọn ará ilé wà lórí fóònù. Mo dìde, mo bá wọn sọ̀rọ̀, mo padà sídìí iṣẹ́. Ibi tí mo ti dìde kọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Idẹ kan kọjá tí mi ò da ẹ̀tù kankan sí.

Lọ́jọ́ kejì ní pápá ìyìnbọn, ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo yìn ín, pọ́ ló ṣe, bí ìgbà téèyàn ṣí ìgò. Kò tì mí léjìká. Ọta tí kò yára tó ìró, tó tún ní sàlẹ́ńsà, kì í pariwo tẹ́lẹ̀, nítorí náà mi ò fura. Mo ti fọwọ́ fa ìbọn, òmíràn ti wọlé, ìka mi ti ń lọ síbi ìfà, kí ọ̀rẹ́ mi tó gbá ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ihò kẹta dà lára pátákó?” Kò sí ihò kẹta. A yọ ọta jáde, a tú ìbọn, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Ó ṣú dúdú. Iná primer, ohun kékeré ní ìdí idẹ tó ń tanná ran ẹ̀tù, nìkan ló ti olórí ọta náà wọ inú ọ̀pá ìbọn, ibẹ̀ ló há sí. Ká ní mo yin òmíràn lé e, ọ̀pá ìbọn á fọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló sì wà lórí ìdí ìbọn náà.

Ẹ̀tù tó kéré jù lè ṣe ohun kan náà, pàápàá lórí ọta tí wọ́n fi bàbà bò bíi tìẹ, torí ó ń fún mọ́ ọ̀pá ìbọn ju òjé lásán lọ.

Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu gan-an ni pé ọta rẹ kò bára dọ́gba. Láti 1,075 sí 1,098 ti pọ̀ jù. Yẹ òṣùwọ̀n rẹ wò. Wo inú ìwé bóyá wọ́n kọ ẹ̀tù mìíràn sílẹ̀ fún irú ọta yìí, kí o sì máa wọn eré rẹ̀ láàárọ̀ tó tutù jù, kì í ṣe lọ́sàn-án oṣù keje. Èmi, 1,040 ni mò ń lépa. Fóònù mi kì í wọ gáréèjì mọ́, mo sì máa ń to gbogbo idẹ sínú pákó oníhò, kí n tan iná wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó dé ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kà á. Ẹ ṣé, Àǹtí Àdùkẹ́.

Bàbá Ìbejì:
Ohun kan kù. Irú olórí ọta wo lò ń lò? Ọ̀pọ̀ ọta ọdẹ kì í tanná, ìyẹn kí orí rẹ̀ là bí òdòdó, lára ẹran tí eré rẹ̀ bá kéré báyìí. Á kàn lu ẹran náà já, ẹlẹ́dẹ̀ á gbé ọgbẹ́ sá lọ kú sínú igbó lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ìyà ni fún ẹran. Ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe láti tanná ní ìsàlẹ̀ 1,050. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n rà á. Má sì jẹ́ kí ọta yìí kan ilé ọta ìbọn .223, irú ìbọn mìíràn, láéláé: ó lè wọ inú ìbọn yẹn, tí o bá yìn ín, á bú.

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ti lílu pátákó ni mò ń lò, sà, mi ò mọ̀ rárá. Mo ti fi òòlù tí wọ́n ṣe fún yíyọ olórí ọta tú gbogbo 43 tó kù nínú páálí náà lálẹ́ àná. Ẹ̀tù wà nínú gbogbo wọn. Wọ́n ní yìnyín á tún bọ́ láàárọ̀ Sátidé, mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́ pé ẹ̀rọ tó ń wọn eré la máa gbé jáde, a ò ní dọdẹ.