Àwòrán 3D láìwọ awò, láàárín nǹkan gidi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí ọkàn tó ń lù nínú ère àyà tí a fi ike ṣe, láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ awò.

Irú sikirínì tó wà lára ẹ̀rọ géèmù Nintendo 3DS ti ọdún 2011 kò bá mi mu: ẹni tó bá wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀ nìkan ló ń rí i dáadáa. Èyí tó ń fi kámẹ́rà tọpa ojú dára jù ú lọ, àmọ́ ẹnì kan ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún (kíláàsì mi ńkọ́?). Sikirínì onílẹ́ǹsì, tí a to lẹ́ǹsì tín-ín-rín sí lójú, ń pín àwòrán sí igun púpọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ wò ó, bí kò tilẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè wọnú ère mi. Gíláàsì tí a dá gẹ̀rẹ́ ní 45°, ọgbọ́n tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì náà, John Henry Pepper, fi hàn ní 1862, ló ń pa àwòrán pọ̀ mọ́ nǹkan gidi. Tẹlifíṣọ̀n lásán ni mo fi dán an wò, àwòrán náà sì rí pẹlẹbẹ.

Ìbéèrè mi rèé: bí sikirínì onílẹ́ǹsì bá tàn sí gíláàsì yẹn, ṣé àwòrán á ṣì ní jíjìn, àbí jíjìn náà á yí sódì?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.