Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé cortijo ní Sípéènì, ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀pọ̀ ló ti ń bi mí nípa ilé tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ rà ní Benahavís, lókè Marbella. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnu mi lè sinmi.

Cortijo ni àwọn ará Andalucía, ẹkùn tí ibẹ̀ wà ní Sípéènì, ń pe ilé ńlá inú oko, èyí tí olóko àti àwọn lébìrà rẹ̀ máa ń gbé láàárín oko ólífì tàbí oko ọkà. Tiwa kì í ṣe ti àtijọ́. Inú ẹ́sítéètì tó ní géètì àti sẹ̀kúrítì ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n kàn ṣe é kó jọ ti àtijọ́ ni: ògiri funfun, òrùlé alámọ̀, irin lójú fèrèsé, àgbàlá láàárín ilé. Bí bàbá àwọn ọmọ ṣe rí àgbàlá yẹn báyìí, ó ní agboolé bàbá òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó gan-an nìyí, ewúrẹ́ nìkan ló kù. Mo ti mọ̀ láti ìgbà náà pé a máa rà á. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí a má rà á lójú dídì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé kí ẹ ka ìwé ẹ́sítéètì kí ẹ tó máa wo òkun láti bàlùkónì. Ejẹ́ǹtì ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òkun ló máa kọ́kọ́ fi hàn yín.

Lọ́yà tiwa, tí kò bá ejẹ́ǹtì ṣe pọ̀ rí, ló gba nota simple jáde ní Registro de la Propiedad, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yẹn ló ń sọ ẹni tó ni ilé, gbèsè tó wà lórí rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó. Àṣé ilé àlejò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù ò sí nínú ìwé rárá! Nílé, ọmọ onílẹ̀ là ń sá fún. Lọ́hùn-ún, yàrá tí wọ́n kọ́ tí wọn ò kọ sílẹ̀ ni kí ẹ sá fún. A ní kí ẹni tó ń tà á lọ tún ìwé ṣe ná. Ó pẹ́, àmọ́ ó ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó tọwọ́ bọ ìwé arras, ìyẹn àdéhùn owó àsansílẹ̀. 10% owó ilé ni wọ́n sábà máa ń san sílẹ̀. Tí ẹ bá ti fi sí i nínú àdéhùn pé abala 1454 nínú òfin Código Civil ló dè é, ẹni tó ń rà tó bá yẹsẹ̀ pàdánù owó ẹ̀, ẹni tó ń tà tó bá yẹsẹ̀ á dá a padà ní ìlọ́po méjì. Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ràn ìyẹn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbàdúrà kí wọ́n yẹsẹ̀.

Ní ti owó orí, 7% ni ITP, owó orí tí ẹni tó ra ilé àlòkù ń san, ní Andalucía láti 2021. Ilé tuntun yàtọ̀: IVA, ìyẹn VAT tiwọn, 10%; AJD, owó òǹtẹ̀ ìwé, 1.2%. Tí ẹni tó ń tà kì í bá ṣe olùgbé Sípéènì, ẹ̀yin lẹ máa yọ 3% nínú owó ẹ̀, kí ẹ san án fún Hacienda, àwọn agbowó orí wọn, láàárín oṣù kan.

Wàyí o, ẹgbẹ́ onílé. Comunidad ni wọ́n ń pè é, òfin tó dè é sì ti wà láti 1960. Bí ẹni tó ta ilé fún yín bá jẹ ẹgbẹ́ lówó, gbèsè ọdún tí ẹ rà á àti ti ọdún mẹ́ta tó ṣáájú lè wá bá yín nínú ilé. Ìdí nìyí tí alábòójútó ẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ kọ ìwé pé kò sí gbèsè. Àmọ́ ìwé yẹn nìkan ò tó. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn. Mo jókòó ti èyí tí wọ́n fún wa, mo ń fi fóònù túmọ̀ ẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, bàbá àwọn ọmọ ń pè mí lólófòófó. Inú ẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n ti dìbò láti dáwó jọ tún títì ẹ́sítéètì ṣe, owó tabua sì ni! Ejẹ́ǹtì ò dá a lẹ́nu rí. A fà á yọ nígbà ìdúnàádúrà, ẹni tó tà á ló san án.

Òfin wọn náà wà níbẹ̀: irú funfun tí ẹ lè kun ògiri, irú amọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà lórí òrùlé, wákàtí tí orin gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀.

Ìyálọ́jà Peckham

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Tèmi wà ní apá Mijas, kò tó ti yín. Ibi tí wọ́n ti yọ mí lẹ́nu ni báǹkì. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 nítorí owó tí kò mọ́ ló ní kí wọ́n máa béèrè orísun owó. Ti ṣọ́ọ̀bù ò le, ìwé owó orí wà. Àmọ́ àjọ tí mo kó wà nínú ẹ̀. Ẹ wáá ṣàlàyé àjọ fún òyìnbó Málaga! Ó ní ṣé mo yá a ni, mo ní rárá. Ó ní ṣé wọ́n ta mí lọ́rẹ ni, mo ní owó ara mi ni. Ó ní kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn yìí fi ń fowó ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ kan náà?

Ohun tó gbà mí ni pé inú báǹkì ni gbogbo ẹ̀ gbà kọjá. Mo tẹ ìwé àkántì jáde, wọ́n rí i pé èmi náà ń fi iye kan náà ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, olórí àjọ sì kọ lẹ́tà tó to orúkọ bí oníkálùkù ṣe ń kó o. Ẹni tó ń gba tiẹ̀ lówó lọ́wọ́, kó yáa tètè yí i padà.

Bíríkìlà Málaga

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Èmi ò ra ilé, èmi ló ń kùn ún. Cal ni wọ́n fi ń kun cortijo àtijọ́, ẹfun tí wọ́n pò mọ́ omi. Ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ògiri ráyè jáde. Àwọn kan á wá fi ọ̀dà oníke bò ó, ọ̀rinrin á há sínú, ìsàlẹ̀ ògiri á máa bó. Tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ìsàlẹ̀ nìkan, ẹ béèrè.

Ẹ kan igi àjà náà wò. Tó bá dún kókókó, igi ni. Tó bá dún bọ̀bọ̀bọ̀, fóòmù ni. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má san owó igi.

Ẹ wo igbó tó yí ẹ́sítéètì ká pẹ̀lú. Iná Sierra Bermeja jó ní September 2021, ti Pujerra tún jó ní June 2022, tí wọ́n fi kó àwọn ará Benahavís kúrò nílé. Ilé tí igi páìnì ti ń kan òrùlé ẹ̀, èmi ò lè sùn níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé téèyàn bá ti ra ilé, wọ́n á fún un ní ìwé ìgbélùú? Ṣé mo sì lè fi gba àlejò onísinmi kí owó máa wọlé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Àbúrò, ti golden visa, ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ra ilé olówó ńlá, ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 3 April 2025. Oníwèé ìrìnnà Ìlú Ọba bíi tiwa, 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́ ló lè fi wà níbẹ̀; oníwèé Nàìjíríà á gba físà Schengen bó tiẹ̀ ní ilé mẹ́wàá. Láti ọjọ́ kan náà yẹn ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gba onísinmi ti gbọ́dọ̀ gba àṣẹ comunidad, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ẹ́sítéètì tiwa, wọn ò ní fọwọ́ sí i.

Kódà ìnáwó ọgọ́ta ọdún bàbá àwọn ọmọ, orúkọ àlejò àti nọ́ńbà mọ́tò la kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí géètì. Ẹ mọ̀ wá kẹ̀. Àwọn mo-gbọ́-mo-yà ti ti Madrid wá, orúkọ wọn ò sí níbẹ̀, sẹ̀kúrítì ń pè mí lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń dáhùn pé àbúrò mi ni, àbúrò mi ni. Nígbà tó ṣe, ó bi mí pé mélòó ni ìyá mi bí.