Wọ́n ní kí ọmọ mi wọ inú ìwádìí eyín. Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ (Kubwa)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbẹ̀kẹ́ mi pé ọmọ ọdún 10 lóṣù tó kọjá. Eyín òkè rẹ̀ yọ síta débi pé ètè rẹ̀ kì í pàdé tó bá sùn. "Ehoro" ni wọ́n ń pè é níléèwé. Dókítà eyín tí mo gbé e lọ bá fi rúlà kékeré wọn bí eyín òkè ṣe jìnnà sí ti ìsàlẹ̀, ó ní mílímítà 8 ni. Lẹ́yìn náà ló wá ní àwọn ń ṣe ìwádìí: àwọn ọmọ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í lo ike tí wọ́n ń fi sẹ́nu tí wọ́n sì ń yọ, àwọn yòókù á dúró títí wọ́n á fi pé ọmọ ọdún 12 tàbí 13. Kọ̀ǹpútà ló máa yàn, kì í ṣe òun. Ó fún mi ní ìwé kí n fọwọ́ sí.

Bàbá rẹ̀ tó wà ní Kaduna ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi orí ọmọ òun kọ́ ìfárí. Èmi náà ò sùn dáadáa. Àti pé, Àbẹ̀kẹ́ ní èèjí, ti ìyá mi tó ti lọ gẹ́lẹ́ ni. Ṣé wọn ò ní dí i?

Àǹtí Fúnkẹ́ (Gwarinpa)
Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Tèmi lo wáyà fún ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ó kọ̀, kò wọ ike alẹ́ tó yẹ kó máa fi dá eyín dúró. Kò pẹ́ tí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbi tó wà. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ bèèrè nípa ike yẹn.

Bàbá Ràmọ́tà (Kano)
Mi ò dá bàbá ọmọ lẹ́bi. Àwa tá a wà ní Kano ò lè gbàgbé ìwádìí oògùn tí wọ́n fi àwọn ọmọdé ṣe lásìkò àrùn yínrùnyínrùn ní 1996. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìwádìí ni. Ọ̀rọ̀ náà dé kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n tiyín yìí, wọ́n sọ fún yín, wọ́n sì fún yín níwèé. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó mú bírò.

Dókítà eyín kan (Zaria)
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n tú u sí wẹ́wẹ́.

Nínú òṣùwọ̀n IOTN tá a fi ń mọ bí eyín ṣe nílò ìtọ́jú tó, ìpele 5 ló wà. Ohun tó bá ju mílímítà 6 lọ tí kò ju 9 lọ bọ́ sí ìpele 4: ó nílò ìtọ́jú lóòótọ́. Ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹgbẹ́ Cochrane, tó ń yẹ àbájáde ìwádìí ìlera wò, kó àwọn ìwádìí lórí irú eyín báyìí jọ, wọ́n sì tún un gbé jáde ní 2018: ọmọ tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ kì í sábà fi eyín iwájú gbá nǹkan kó kán. Yàtọ̀ síyẹn, wọn ò rí àǹfààní mìíràn tó fi ju èyí tó dúró lọ. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá ní kí Àbẹ̀kẹ́ dúró, kò pàdánù ìtọ́jú, àmọ́ kí ó máa fi ike ìdáàbòbò sẹ́nu bó bá ń ṣeré ìdárayá.

Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń yàn ni pé dókítà lè máa kó àwọn tí eyín wọn le jù sápá kan láìmọ̀, àbájáde á sì ṣì wá lọ́nà.

Ẹ bèèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ inú ìwádìí fún wọn. Òfin ìlera wa ti 2014 béèrè àdéhùn lórí ìwé. Ẹ bèèrè ta ló ń sanwó X-ray, àti bóyá ìtọ́jú rẹ̀ á máa bá a lọ bẹ́ ẹ bá yọ ọmọ kúrò nínú ìwádìí. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, nítorí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́ nígbàkigbà.

Ní ti èèjí: ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì. Bí ààyè bá wà, a lè dá eyín sẹ́yìn ká sì fi èèjí sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á dí i pa ni.

Ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, mà.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ (Kubwa)
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo bi í lálẹ́ àná. Ó ní ṣé òun lè yọ ike náà bí òun bá fẹ́ jẹ àkàrà, lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ kí ètè òun máa pàdé. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti Kaduna lọ́jọ́ Ajé, a jọ ń lọ. Mo ti kọ gbogbo ìbéèrè yín sẹ́yìn ìwé náà. Ti èèjí ni mo fi ṣáájú.