Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí nọ́fẹ̀ẹ̀lì tí mò ń kọ

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Nọ́fẹ̀ẹ̀lì ni mò ń kọ lórí John Blanke, adúláwọ̀ tó ń fun fèrè láàfin Henry Keje àti Henry Kẹjọ nílùú Ọba. Ní 1507 pẹ́nì 8 ni wọ́n ń san fún un lójúmọ́, nígbà tó yá ó kọ̀wé sí Henry Kẹjọ pé kí wọ́n sọ ọ́ di 16, ọba sì gbà fún un! Wọ́n tún yà á sínú àwòrán ìdíje orí ẹṣin tí wọ́n ṣe ní Westminster ní 1511, òun nìkan ló wé láwàní láàárín àwọn afunfèrè, àwọn tó kù ò dé nǹkan kan. Ibẹ̀ yẹn wú mi lórí gan-an.

Ibi tí wọ́n ti bí i ni wàhálà, kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Mo kọ́kọ́ ní kó bá Catherine of Aragon, ọmọ ọba Sípéènì tó padà di ìyàwó Henry Kẹjọ, wá láti Sípéènì ní 1501, àwọn òpìtàn kan náà rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ orí kìíní wá gbẹ táútáú. Mo tún ní kí ọmọ ilé ìdáná kan máa sọ ìtàn ẹ̀, ìyẹn náà ò wọlé.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé kí n fún un nílùú abínibí ni, àbí kó má sọ ọ́ títí ìwé á fi parí? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀, mo ti dúpẹ́ sílẹ̀ o.